Táyà Tín-ín-rín Lójú Ọ̀nà Gbẹ̀dẹ

Oògùn ojú ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ni mo ń gbé lọ. Bí kì í bá ṣe bẹ́ẹ̀, kí ni àgbàlagbà bíi tèmi ń wá lórí kẹ̀kẹ́, lójú ọ̀nà tí àwọn onímọ́tò pàápàá ti ń sá fún?

Ẹ̀gbọ́n mi ń gbé ní Ìyah-Gbẹ̀dẹ, nínú ilé tí bàbá wa kọ́. Èmi ń gbé ní Kàbà, níbi tí mo ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ ìjọba. Àwa méjì ló kù nínú àwọn ọmọ ìyá wa. Àrùn ojú kan tí kì í dun èèyàn, tó kàn ń jẹ ìmọ́lẹ̀ díẹ̀díẹ̀, ti gba ojú ọ̀tún rẹ̀. Ti òsì ló kù. Dókítà sọ fún wa pé bí a bá ń kán oògùn sí i lójoojúmọ́, ojú náà á dúró síbi tó wà; ṣùgbọ́n bí a bá dá a dúró, èyí tó bá lọ ti lọ nìyẹn. Oògùn yìí kò sí ní Ìyah. Ilé oògùn tó ń tà á ní Kàbà kì í sábà ní ju ìgò kan lọ, ìgò náà kò sì tóbi ju àtàǹpàkò lọ.

Mo ti bẹ̀ ẹ́ títí pé kó wá bá mi gbé. Ó ní ojú tó kù yìí mọ inú ilé náà. Ó ní bí òun bá dé ilé mìíràn, òun á di afọ́jú kí ojú náà tó fọ́.

Ọ̀nà náà kò jìn. Nígbà tí a wà lọ́mọdé, ẹsẹ̀ la fi ń rìn ín wá sí Kàbà láti wá wo bọ́ọ̀lù, a ó sì padà sílé kí oúnjẹ alẹ́ tó jinná. Ṣùgbọ́n láti ìgbà tí àwọn ajínigbé ti kó èrò inú mọ́tò kan wọ inú igbó, ó dà bíi pé ọ̀nà náà gùn sí i. Àwọn awakọ̀ kì í lọ àfi lọ́jọ́ ọjà, tí wọ́n bá tò tẹ̀lé ara wọn, tí àwọn ọdẹ sì ṣáájú wọn. Ọjọ́ ọjà mìíràn wà tí àwọn ọdẹ kò ní í wá, gbogbo wọn á sì tú ká ní gáréèjì. Ní ti àwọn ọlọ́kadà, wọn kò tilẹ̀ fẹ́ gbọ́ orúkọ ọ̀nà náà mọ́. Oògùn ojú kò sì mọ ọjọ́ ọjà. Báyìí ni mo ṣe gbé kẹ̀kẹ́ mi jáde.

Kẹ̀kẹ́ eré ìje ni, irú èyí tí ọwọ́ rẹ̀ tẹ̀ wálẹ̀ bí ìwo àgbò. Òyìnbó kan tó kọ́ wa ní yunifásítì lókè Ọya ló fi sílẹ̀ fún mi nígbà tó ń padà sí ìlú rẹ̀. Ọ̀dọ́ ni mí nígbà náà, ìṣirò ni mo ń kọ́. Lówùúrọ̀ ọyẹ́, kí oòrùn tó yọ, mo máa ń gùn ún jáde láti ilé-ìwé, èmi nìkan, láàárín oko bàbà àti oko ẹ̀pà, títí dé ibi tí mi ò mọ orúkọ rẹ̀. Ẹni tí mo bá bá lọ́nà á fún mi lómi mu. Ohun kan ṣoṣo tí à ń bẹ̀rù lójú ọ̀nà nígbà náà ni ajá. Mo máa ń rántí èyí ní àsìkò yìí, bí ìgbà téèyàn ń rántí ìlú tí kò sí mọ́.

Táyà tó wà lẹ́sẹ̀ kẹ̀kẹ́ náà nígbà tí mo kọ́kọ́ ń gbé oògùn lọ jẹ́ táyà lásán, ó nípọn, ó ti gbó. Mo máa ń rọra lọ ni. Bí mo bá sì ń lọ, mo máa ń kí àwọn olóko. Ní ilẹ̀ tiwa, èèyàn kì í kọjá lára ẹni láìkí i. "Òkun o" ni à ń wí, ẹni tí a kí á sì dá a padà. Orúkọ tí wọ́n ń pe gbogbo wa, ìyẹn ará Òkun, ara ìkíni yìí ló ti jáde. Láti ìgbà tí ọ̀nà ti bàjẹ́, àwọn olóko a máa fi ọ̀rọ̀ kan lé ìdáhùn wọn. Ọ̀kan á ní, "Òkun, ó dákẹ́ o." Òmíràn á ní, "Òkun, tẹ̀ lé ẹ̀bá ọ̀nà." Mo máa ń gbọ́, mo sì máa ń ṣe bí wọ́n ti wí. Mi ò ka èyí sí nǹkan kan. Ìkíni ni mo pè é.

Ibì kan wà tí òkè àpáta ti sún mọ́ ọ̀nà, tí igbó dí sí ìhà kejì, tí kò sẹ́ni tó ń dáko níbẹ̀ mọ́. Níbẹ̀ ni wọ́n ti kó àwọn èèyàn tí mo wí. Ní ọjọ́ kan, bí mo ti ń fi táyà gbígbó yẹn gun gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ ibẹ̀ díẹ̀díẹ̀, mo rí ọkùnrin mélòó kan tí wọ́n dúró lẹ́sẹ̀ òkè. Wọn kò ní àdá, wọn kò ní ọkọ́. Wọn kò ṣe nǹkan kan. Wọ́n kàn ń wò mí, mo sì ń gun òkè náà lọ lójú wọn bí ìgbín. Kò sẹ́ni tó kí mi nínú wọn.

Nígbà tí mo padà dé Kàbà, mo pinnu pé táyà mi gbọ́dọ̀ yá ju báyìí lọ.

Ọkùnrin tó ń ta ẹ̀yà kẹ̀kẹ́ lọ́jà wa jẹ́ ẹni tó fẹ́ràn àwàdà. Kò ní ìrun lórí, ó sì máa ń sọ pé táyà ló kọ́ òun bí orí ṣe ń dán.

"Bàbá, ẹ jókòó," ó ní. "Kí lẹ fẹ́ kí táyà yìí ṣe fún yín?"

"Kó sáré."

"Kó sáré lọ síbo?"

Mo dárúkọ ọ̀nà náà. Ẹ̀rín tó wà lẹ́nu rẹ̀ kúrò. Ó wọ inú ṣọ́ọ̀bù, ó sì gbé oríṣi táyà méjì jáde, tòkunbọ̀ ni méjèèjì, ṣùgbọ́n wọ́n ṣì dára.

"Èyí ni eléré," ó wí, ó sì ká a mọ́wọ́ bí ìgbànú. "Ẹ wò ó, ó tín-ín-rín, ara rẹ̀ ń dán. Tí ẹ bá fún un láfẹ́fẹ́ dáadáa, ẹ ó máa rò pé ẹnì kan ló ń tì yín látẹ̀yìn. Ṣùgbọ́n kò láwọ lára. Wáyà tó máa ń jáde lára táyà tírélà tó bá bẹ́ sójú ọ̀nà, ẹyọ kan ti tó o." Ó gbé èkejì. "Èyí, wọ́n tẹ́ rọ́bà mìíràn sínú rẹ̀, sábẹ́ èyí tó ń kan ilẹ̀. Ẹ fi gun orí ìgò, kò ní mọ̀. Ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ yín á mọ̀ pé ẹ̀ ń gun kẹ̀kẹ́."

"Eléré ni mo fẹ́."

"Bàbá, ṣé ẹ fẹ́ bá wọn díje ni?"

"Bí wọ́n bá lé mi ńkọ́?"

"Tí wọ́n bá fi ọ̀kadà lé yín, kò sí táyà tó máa gbà yín nínú ṣọ́ọ̀bù yìí. Tí táyà yín bá sì jò síbẹ̀, wọn ò tiẹ̀ ní lé yín. Wọ́n á kàn rìn wá bá yín ni, wọ́n á ní, Bàbá, ẹ kú ìdúró."

Àwọn tó wà ní ṣọ́ọ̀bù rẹ́rìn-ín.

Ó wá gbà mí nímọ̀ràn pé kí a fi èyí tó nípọn sẹ́yìn, nítorí pé ẹ̀yìn ló ń ru ara èèyàn, òun ló sì ń jò jù, kí eléré wà níwájú. Ìmọ̀ràn gidi ni. Mo kọ̀ ọ́. Mo ti ṣe ìṣirò tèmi. Ewu náà kò sí ní gbogbo ọ̀nà, ibi tí òkè wà nìkan ló wà. Bí mo bá ṣe pẹ́ tó níbẹ̀ ni ewu ṣe pọ̀ tó. Ohun tó bá dín àkókò mi kù níbẹ̀, ó dín ewu kù. Mi ò rí ibi tí ìṣirò náà kù sí.

"Tiyín ni kẹ̀kẹ́," ó wí, ó sì fi eléré sí iwájú àti ẹ̀yìn, ó bẹ̀rẹ̀ sí í fún wọn láfẹ́fẹ́.

Mo fi aṣọ tútù wé ìgò oògùn, mo fi sínú àpò ẹ̀yìn mi, mo sì gbéra ní àárọ̀ ọjọ́ kejì. Ẹ̀gbọ́n mi ti ránṣẹ́ pé ìgò tó wà lọ́wọ́ òun kò ní ju ẹ̀kán díẹ̀ lọ mọ́.

Àti kúrò ní Kàbà ni mo ti mọ̀ pé táyà eléré yàtọ̀. Ọ̀nà ń sáré bọ̀ lábẹ́ mi. Ibi tí mo ti máa ń sọ̀ kalẹ̀ tẹ́lẹ̀, mo fi eré gùn ún. Atẹ́gùn kún etí mi fọ́fọ́, orí mi sì fúyẹ́. Fún ìgbà díẹ̀, mo tún di ọmọ yunifásítì láàárín oko bàbà. Mo kọjá àwọn tó ń ṣa káṣú. Mo kọjá ìyá kan tó ru igi. Ẹnu mi ò tíì ṣí láti kí wọn tí wọ́n fi wà lẹ́yìn mi.

Oko tó kẹ́yìn kí a tó dé òkè náà jẹ́ ti ọkùnrin kan tí àwa méjèèjì jọ jẹ́ ẹgbẹ́. Ebè ló máa ń kọ níbẹ̀, ó sì máa ń dá mi lóhùn ju gbogbo wọn lọ. Ó nà dìde bó ti rí mi. Ó gbé ọkọ́ sókè, ẹnu rẹ̀ ń mì. Atẹ́gùn gbé ohun tó wí lọ. Mo na ọwọ́ sí i, mo sì tẹ̀ ẹ́ síwájú sí i, nítorí mi ò fẹ́ kí eré mi dínkù kí n tó kan gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́.

Bí mo ṣe yí kọ́nà báyìí ni mo rí bọ́ọ̀sì kékeré kan.

Ó dúró ní ìdábùú ọ̀nà. Gbogbo ilẹ̀kùn rẹ̀ ló ṣí sílẹ̀. Ẹ́ńjìnnì rẹ̀ ṣì ń ṣiṣẹ́. Òjò kò rọ̀, oòrùn ń ràn, ṣùgbọ́n wáípà rẹ̀ ń lọ, ó ń bọ̀, lórí ìwọ̀nba gíláàsì tó ṣẹ́kù níwájú rẹ̀, ó ń ha á. Kò sí èèyàn nínú rẹ̀. Gíláàsì tó fọ́ tàn ká gbogbo ojú ọ̀nà, ó ń dán bí iyọ̀. Ìgbà tí mo fi máa tẹ bíréèkì, mo ti wà láàárín rẹ̀. Mo gbọ́ ìró táyà ẹ̀yìn tó ń tú afẹ́fẹ́ sílẹ̀. Kò pẹ́ rárá. Rọ́bà tó ti le bí igi tẹ́lẹ̀ kàn rọ̀ sílẹ̀ lábẹ́ mi.

Mo dúró síbẹ̀, mo ń gbọ́ wáípà náà. Mo wá gbé kẹ̀kẹ́ lé èjìká, mo sì sá sínú oko ẹ̀gẹ́ kan tí wọ́n ti pa tì, tí koríko ti bò. Mo ní tíúbù mìíràn nínú àpò. Mo jókòó sílẹ̀, mo yọ ẹsẹ̀ ẹ̀yìn, mo sì ń wá bí mo ṣe máa tú táyà náà. Mo ti fi tíúbù tuntun sí i, mo ti ń fẹ́ ẹ, tí pọ́ǹpù náà ń mí hẹ̀, hẹ̀, hẹ̀, nígbà tí mo gbọ́ ohùn kan nítòsí, ohùn ìsàlẹ̀:

"Òkun o."

Ẹnu mi dáhùn. Èmi kọ́ ni mo rán an. Èmi tí mo sá pamọ́, tí mi ò fẹ́ mí sókè, mo ní "Òkun" bí ẹni tó jókòó sí ẹnu ọ̀nà ilé rẹ̀.

Koríko mì. Obìnrin kan ló rákò jáde, ó ti tó ìyá ọmọ, kò ní bàtà lẹ́sẹ̀, ẹ̀gún ti ya apá rẹ̀.

"Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fẹ́ nǹkan yẹn mọ́. Ó ń dún."

"Ta nìyí?"

"Inú mọ́tò yẹn ni mo wà. Ayétòrò ni mò ń lọ. Ìgbà tí wọ́n ní kí a sọ̀ kalẹ̀, ẹ̀gbẹ́ kejì ni mo gbà."

"Àwọn yòókù ńkọ́?"

Ó fi ẹnu júwe òkè.

"Báwo lo ṣe mọ̀ pé n ò sí lára wọn?"

"N ò mọ̀," ó wí. Omi ń bọ́ lójú rẹ̀, ṣùgbọ́n ohùn rẹ̀ dúró. "Mo kàn ní kí n kí yín wò. Bí ẹ bá dákẹ́, mo fẹ́ sá."

Táyà mi ti fẹ́rẹ̀ẹ́ kún. Mo lè gùn ún. Mo rò ó, mi ò ní purọ́: bí mo bá fi eléré yìí sáré, mo lè dé Ìyah kí n pe àwọn ọdẹ wá. Obìnrin náà rí i lójú mi. Ó di ẹsẹ̀ kẹ̀kẹ́ mú.

"Bàbá, ẹ má fi mí sílẹ̀ níbí."

Bẹ́ẹ̀ ni a ṣe fi ẹsẹ̀ rìn. A gba inú oko, a kò súnmọ́ ọ̀nà. Nígbà tí mo kọ́kọ́ ń yí kẹ̀kẹ́ náà lọ, ẹsẹ̀ ẹ̀yìn rẹ̀ ń ta kẹ́, kẹ́, kẹ́, bí ó ti máa ń ṣe bí a kò bá tẹ ẹ́, ni obìnrin náà bá yíjú wò mí. Mo gbé e lé èjìká títí a fi dé ìlú.

Àwọn ọdẹ lọ. Wọ́n bá bọ́ọ̀sì náà níbẹ̀, wọ́n pa ẹ́ńjìnnì rẹ̀. Wọn kò bá èèyàn. Àwọn ará ìlú mú obìnrin náà lọ sí ààfin, èmi sì lọ sílé wa.

Ẹ̀gbọ́n mi jókòó síbi ojú fèrèsé. Ìgò rẹ̀ ti gbẹ láti àárọ̀ ọjọ́ tó ṣáájú. Mo kán oògùn náà sí i lójú. Èkíní bọ́ sí ẹ̀rẹ̀kẹ́.

"Ọmọ ìyá mi, ọwọ́ rẹ ń gbọ̀n."

"Kẹ̀kẹ́ ni. Ọ̀nà ò dára."

Ṣùgbọ́n ìlú kékeré ni Ìyah. Kí ilẹ̀ tó ṣú, wọ́n ti wá sọ gbogbo rẹ̀ fún un. Ó pè mí, ó ní kí n jókòó síbi tí òun ti lè rí mi.

"Ojú kan ṣoṣo ló kù fún mi," ó ní. "Kí ni mo ń fi wò? Ògiri ni, àti ìwọ nígbà tí o bá wá. Bí wọ́n bá gbé ọ lọ, kí ni mo tún fẹ́ fi ojú náà wò?"

Ó di ọwọ́ mi mú.

"Gbọ́. Bí àwọn olóko bá ṣì wà lójú ọ̀nà, máa bọ̀. Ọjọ́ tí o bá wá tí o sọ fún mi pé wọ́n ti lọ, ọjọ́ náà lo wá kẹ́yìn. Jẹ́ kí ojú náà fọ́."

Ní ọjọ́ ọjà, mo tẹ̀ lé àwọn onímọ́tò padà. A dúró lẹ́bàá oko ẹgbẹ́ mi tó ń kọ ebè. Ó jáde wá bá mi.

"Wò ó bó ti dúró!" ó ké. "Mo pè ọ́ títí ọ̀fun mi fẹ́rẹ̀ẹ́ já. Mo ní dúró, ìbọn ti dún níwájú. O na ọwọ́ sí mi bíi gómìnà!"

"Atẹ́gùn ni. N ò gbọ́."

"Kò burú, ọlọ́lá jùlọ. Nígbà míì, máa mú àwọn ẹ̀ṣọ́ rẹ dání."

Mo rẹ́rìn-ín, òun náà rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n inú mọ́tò ni mo ti lóye ohun tí mo ṣe. Gbogbo ìgbà tí mo fi ń lọ bí ìgbín lórí táyà gbígbó yẹn, àwọn olóko ń fi mí lé ara wọn lọ́wọ́ láti oko dé oko. Mi ò fi èyí sínú ìṣirò mi. Iye àkókò tí mo dín kù lẹ́sẹ̀ òkè, etí mi ni mo fi san án.

Mo padà sí ṣọ́ọ̀bù. "Fi èyí tó nípọn sí i," mo wí. "Iwájú àti ẹ̀yìn." Ọkùnrin náà kò ṣe àwàdà kankan. Ó fún un láfẹ́fẹ́ níwọ̀nba, kó má baà máa ta mí sókè lórí kòtò.

Táyà náà wúwo. Ó máa ń kùn lábẹ́ mi, orókún mi sì ń jẹ́rìí sí i. Ṣùgbọ́n mò ń kí wọn, mo sì ń gbọ́ ohun tí wọ́n fi dáhùn. Ẹ̀ẹ̀kan wà tí ìyá tó ń ru igi ní, "Òkun, padà," tí mo yí padà láìbi í ní ìdí. Wáyà kò ráyè sí i, ìgò kò ráyè sí i. Ní ti táyà, mo ti yàn dáadáa báyìí.

Àwọn èèyàn náà ni kò dúró. Àwọn tó ń ṣa káṣú ló kọ́kọ́ lọ. Káṣú rà sábẹ́ igi. Ìyá tó ń ru igi kò jáde mọ́. Lẹ́yìn náà mo dé oko ẹgbẹ́ mi, mo bá ọkọ́ tó fi gún ebè kan tí kò kọ tán. Mo ní "Òkun o." Mo tún un wí. Wọ́n ní àwọn ọmọ rẹ̀ ti wá gbé e lọ sí Lọ́kọ́ja. Koríko ti hù lórí àwọn ebè náà nísinsìnyí, a kò sì lè mọ̀ wọ́n yàtọ̀ sí igbó tó tẹ̀ lé wọn.

Nígbà tí mo lọ kẹ́yìn, láti ìgbà tí mo ti kọjá ilé tó kẹ́yìn ní Kàbà, mi ò gbọ́ ohùn ẹnikẹ́ni. Mo ń kí, mo ń kí. Táyà mi nìkan ló ń kùn. Lẹ́sẹ̀ òkè náà, ó dá mi lójú pé ẹnì kan ń wò mí, mo sì kí ìyẹn náà. Kò dáhùn.

Mo dé Ìyah. Ẹ̀gbọ́n mi gbọ́ ìró kẹ̀kẹ́ kí n tó wọlé.

"Ta ló kí ọ lónìí?" ó bi mí.

"Gbogbo wọn ni," mo wí, mo ń tú aṣọ tútù kúrò lára ìgò. "Àwọn oníkáṣú ní kí n kí yín. Ìyá onígi náà wà níbẹ̀."

"Ẹgbẹ́ rẹ tó ń kọ ebè ńkọ́?"

"Ó wà níbẹ̀. Ó bú mi."

"Kí ló wí?"

"Ó ní mò ń gun kẹ̀kẹ́ bí àlejò. Ó ní iṣu òun ti ń ta."

"Iṣu?" Ó rẹ́rìn-ín díẹ̀. "Lásìkò yìí? Iṣu wo ló ń ta lásìkò yìí?"

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ gbé orí sókè."

Ó gbé orí sókè. Mo fi ìka ya ìpéǹpéjú rẹ̀, mo kán oògùn náà sí i, ó sì bọ́ síbi tó yẹ kó bọ́ sí. Ó máa ń di ojú náà lẹ́yìn tí mo bá kán an, kí oògùn lè wọlé. Lọ́tẹ̀ yìí kò dì í. Ó là á sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, omi oògùn ń ṣàn lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ó sì ń wò mí.